Ẹ̀wù Mo Ti Bọ́

Bí ẹ bá dé Yàbá ní ọdún wọ̀nyẹn, tí ẹ sì bi akẹ́kọ̀ọ́ kan léèrè Mìsìsì Christianah Àkàngbé, ó lè má mọ ẹni tí ẹ ń wí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Àǹtí Báwo-lo-ṣe-débẹ̀, kíá ni yóò nawọ́ sí yàrá tí obìnrin náà ti ń kọ́ wọn ní ìṣirò, òun fúnra rẹ̀ yóò sì yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Kò sí ohun tó ń bí tíṣà yìí nínú tó kí ọmọ kọ ìdáhùn sílẹ̀ láìfi ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀ hàn. Ìdáhùn náà ìbáà tọ̀nà, yóò fi gègé pupa fà á nídìí, yóò sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Báwo lo ṣe dé bẹ̀?" Wọ́n ní ó ti béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ oníwàásù kan tó ń lu agogo ní Òjúẹlẹ́gba, tó ní ayé máa parẹ́ kí ọdún tó parí. "Báwo lẹ ṣe dé bẹ̀, sà?" Ọkùnrin náà wò ó títí, ó gbé agogo rẹ̀, ó sọdá sí òdì kejì títì.

Sùúrùlérè ló ń gbé, ní fúláàtì kan lẹ́yìn Láwàńsọ̀n, òun àti Ẹ̀bùn, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Julius ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, Kérésì àti Àjíǹde nìkan ló máa ń gbé e wálé. Ọmọ kátíkíìsì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni Christianah, ẹ sì mọ bí àwọn ọmọ kátíkíìsì ṣe máa ń rí: bí wọn kò bá ya pòkíì, wọn a le koko bí ojú ẹja. Tirẹ̀ le koko. Òfin ilé rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ga ju gbogbo ìyókù lọ: irọ́ kò gbọdọ̀ wọlé, pàápàá irọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí Ẹ̀bùn wà lọ́mọ ọdún méje, ó sọ fún tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi pé òun ti mọ àkọsórí òun, wọ́n sì fún un ní bisikíìtì. Nígbà tí wọ́n délé, ìyá rẹ̀ ní kó kà á. Ẹ̀bùn la ẹnu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi èérún bisikíìtì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Christianah fà á lọ síwájú gbogbo kíláàsì, ó ní kó sọ fún wọn pé òun parọ́, kó sì dá bisikíìtì padà. Bisikíìtì mìíràn ni o, nítorí èyí àkọ́kọ́ ti lọ síbi tí bisikíìtì ń lọ. Ọmọ náà sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwọn ìyá ìjọ ní, "Ìyá Ẹ̀bùn, ó tó, ọmọdé ṣáà ni." Kò tó lójú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹ lè fi orí yín búra lórí ohunkóhun tó bá ti ẹnu Ẹ̀bùn jáde. Ó di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kò lè sọ fún onílé tó gbà á lálejò pé òun ti yó bí kò bá yó. Inú ìyá rẹ̀ dùn sí i, ó sì máa ń fi í yangàn.

Ọ̀rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ Christianah di wèrè bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991. Gbogbo ìlú ló ń pariwo oògùn olóró nígbà náà, rédíò ń pariwo, ìwé ìròyìn ń pariwo, ìjọ wọn náà kò sì fẹ́ gbẹ́yìn. Wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ láti fa àwọn ọ̀dọ́ kúrò nínú ọtí àti igbó. Ìjọ kan lókè òkun tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ṣe alága ni Baba Oyèwọlé, ọkùnrin olóhùn gbẹ̀du kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí ara rẹ̀ kò sì balẹ̀ sílé. Ọkàn bàbá náà mọ́. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa tán ènìyàn ní sùúrù, nítorí ó rọrùn láti bá olubi jà, ta ló fẹ́ bá ẹni rere jà?

Bí ètò náà ṣe ń lọ nìyí. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù, àwọn ọ̀dọ́ á kó ara wọn jọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn á kọrin, wọn á gbàdúrà, lẹ́yìn náà ẹ̀rí jíjẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń mutí tàbí tó ti ń mu igbó rí, tó sì ti fi í sílẹ̀, á jáde síwájú, wọn á gbé makirofóònù lé e lọ́wọ́, á rò ó fún gbogbo ìjọ. Kí ó tó parí, wọn á ti máa pàtẹ́wọ́. Baba Oyèwọlé á wọ ẹ̀wù funfun kan sí i lọ́rùn tí wọ́n kọ MO TI BỌ́ sí láyà, ẹlẹ́rìí náà á sì jókòó sí tábìlì iwájú tí wọ́n tẹ́ aṣọ sí, òun ni wọn á kọ́kọ́ bu ìrẹsì fún, itan adìyẹ ni wọn á sì fi lé e. Bí bọ́ọ̀sì ìjọ bá ń lọ sí Èbúté Mẹ́ta tàbí Ìjọra láti lọ jẹ́rìí fún àwọn ìjọ mìíràn, àwọn ẹlẹ́wù funfun nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Àwọn yòókù, àwọn tí kò fẹnu kan nǹkan kan láti ọjọ́ tí ìyá wọn ti bí wọn, àwọn ló ń to àga, àwọn náà ló sì ń gbálẹ̀ nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí. Ẹ̀bùn wà lára àwọn agbálẹ̀.

Ẹ̀bùn sì ń fẹ́ ẹ̀wù náà, kò fi pamọ́. Àwọn ẹlẹ́wù funfun ń lọ sí Bàdágírì fún ọ̀sẹ̀ kan ní àsìkò Àjíǹde, òun kò tíì fojú kan òkun rí.

"Mọ́mì, ṣé ẹni tí kò ṣubú rí ò lè jẹ́rìí ni?"

"Kí lo fẹ́ jẹ́rìí sí? Dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé o ò ní ẹ̀rí kankan."

Síbẹ̀ Christianah bi Baba Oyèwọlé léèrè, torí ọmọ ni ọmọ ń jẹ́. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí. "Ìyá Ẹ̀bùn, ẹ̀rí tí kò ní ìṣubú nínú, ta ló fẹ́ gbọ́ ọ? Kí ló máa sọ? Pé òun jí, òun wẹ̀, òun lọ school?" Christianah gbé ìdáhùn náà lọ fún ọmọ rẹ̀ bí ó ṣe gbà á, ó rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tán sí.

Nígbà tí ọdún yí, àwọn ará òkè òkun ránṣẹ́ pé aṣojú àwọn ń bọ̀, pé kí àwọn tó tún gbọ́ bùkátà ètò náà fún ọdún mìíràn, àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Àlùfáà ìjọ, Ẹni Ọ̀wọ̀ Benjamin, pe Christianah lẹ́yìn ìsìn. "Ìyá Ẹ̀bùn, ẹ̀yin lẹ mọ ìṣirò. Ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ sọ lójú aṣojú náà." Bí wọ́n ṣe gbé e fún ẹni tí kò ní sùúrù nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ alága ló kọ́kọ́ lọ.

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ kẹ̀?" ni Baba Oyèwọlé wí. "Ẹ ò rí nǹkan ni? Ìpàdé àkọ́kọ́, ọmọ mẹ́ta péré ló jẹ́rìí. Ní báyìí, àwọn tó ti wọ ẹ̀wù lé ní ogójì! Ogójì, madam! Ṣé kì í ṣe progress nìyẹn?"

"Báwo lẹ ṣe dé bẹ̀, sà?"

"Mo kà wọ́n ni."

"Kí ètò yìí tó bẹ̀rẹ̀, mélòó ló ń mu nínú wọn?"

"Ta ló máa mọ ìyẹn? A ò bi wọ́n."

"Ẹ gbọ́ o, sà. Gbogbo ọ̀dọ́ ìjọ wa ò ju ọgọ́rin lọ. Ṣé ìdajì wọn ló ń mu igbó kí ẹ tó dé, tí àwa òbí wọn ò gbọ́ òórùn ẹ̀?"

Bàbá náà ronú díẹ̀. "Èṣù ń ṣiṣẹ́ o," ló wí.

"Sà, bí àwọn tí ilé ìwòsàn kan ń wò sàn bá ń pọ̀ sí i lóṣooṣù, ṣé ẹ ò ní bi ara yín bóyá nǹkan ti wọ inú omi àdúgbò náà ni?"

"Ha! Ẹ̀yin tíṣà yìí! Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí lèyí, Ìyá Ẹ̀bùn, kì í ṣe algebra." Ó sì fi mínírà tútù ṣe é lálejò. Orí fífọ́ ni Christianah gbé kúrò níbẹ̀.

Jeffrey ló kàn. Jeffrey ni ìràwọ̀ ètò náà, ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí gbogbo ìjọ láti Mushin dé Ìjọra ti gbọ́ ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ̀rí ọ̀hún gún régé. Ó ń sọ ti ilé onípákó kan lẹ́yìn ilé-epo ní Láwàńsọ̀n, níbi tí wọ́n ti ń ta ògógóró àti igbó. Ó ń sọ bí èèyàn ṣe máa gba ẹ̀gbẹ́ gọ́tà wọ ẹ̀yìn, bí ó ṣe máa ní òun wá gba omi tútù, tí ìyá kan á sì na ife sí i láìwo ojú rẹ̀. Bó bá dé ibẹ̀, àwọn ìyá ìjọ á máa mi orí, wọn á ní ọmọ yìí ti rí nǹkan. Christianah pè é jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò.

"Jeffrey, ògógóró yẹn, báwo ló ṣe rí lẹ́nu?"

"Ó dùn, ma."

"Ó dùn bíi kí ni?"

"Bíi... bíi mínírà, ma."

Bàbá Christianah, kátíkíìsì tí kò mutí rí, máa ń fi ògógóró pa orúnkún nígbà òtútù. Obìnrin náà mọ òórùn rẹ̀ láti kékeré, kò sí mínírà tó jọ ọ́ láyé. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. "Igbó ńkọ́? Báwo lo ṣe máa ń mu ún?"

"Mo máa ń kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi, ma. Lẹ́yìn náà mo máa wá tan iná sí i."

"O rẹ ẹ́ sómi, o wá tan iná sí i." Christianah wò ó. "Báwo lo ṣe dé bẹ̀?"

Omi lé ròrò lójú ọmọkùnrin náà. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Baba. Mi ò mu nǹkan kan rí. Bùrọ́dá mi ló máa ń lọ síbẹ̀, òun ló máa ń gist wa."

"Kí ló wá dé tó o fi ń parọ́ mọ́ ara ẹ?"

"Ma, ọdún méjì ni mo fi wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ mi. Ọjọ́ tí mo ní mo ti ń mutí, Àlùfáà dì mọ́ mi."

Christianah pe àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ní òun gé igbó sínú ẹ̀wà jẹ. Òmíràn ní ìgò bíà méjìlá lòun ń mu kí òun tó lọ sílé-ìwé, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kò tíì tóbi tó páálí tí wọ́n ń kó bíà sí. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, inú ń bí i, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n, inú tún ń bí i pé ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n. Èyí tó dùn ún jù ni ti ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ rewaya ní òpópónà wọn, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ọtí ti ń bà á jẹ́ lóòótọ́. Ó wá sí ìpàdé wọn rí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ó tó fìdí kan àga, Baba Oyèwọlé ti gbé makirofóònù sí i lẹ́nu pé kó jẹ́rìí bí òun ṣe bọ́. Kò tíì bọ́, kí ni yóò sọ? Ó gbé makirofóònù náà sílẹ̀ wẹ́rẹ́, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Baba Oyèwọlé ní ó kọ ìgbàlà. Ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ dá ètò sílẹ̀ ni kò rí ìjókòó níbẹ̀, ẹ sì ní kí obìnrin má bínú?

Lọ́jọ́ tó bi ẹni ìkẹyìn léèrè tán, ó délé, ó wọ ilé ìdáná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyà jẹ ata lórí ọlọ. Ẹ̀bùn wà lórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Níwájú pẹpẹ!" ni Christianah ń pariwo. "Níwájú pẹpẹ ni wọ́n ti ń parọ́! Wọ́n á di makirofóònù mú, wọ́n á wo ojú Àlùfáà, wọ́n á máa jẹ́rìí ohun tí wọn ò ṣe! Ẹ̀wù ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ parọ́! Itan adìyẹ! Bí wọ́n bá tiẹ̀ mu ún lóòótọ́, ẹ̀mí mi á balẹ̀ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì jẹ́wọ́. Ẹlẹ́ṣẹ̀ tó ń sòótọ́ sàn lójú mi ju olódodo tó ń parọ́ lọ!"

Ọwọ́ Ẹ̀bùn dúró nínú ẹ̀wà. "Lóòótọ́, Mọ́mì?"

"Lóòótọ́ kẹ̀! Bàbá mi ló máa ń wí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ṣé, ma," ni Ẹ̀bùn wí, ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Ta ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń pariwo lórí ata? Bí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Yàbá bá dúpẹ́ bẹ́ẹ̀, Christianah ì bá gbé gègé sílẹ̀, ì bá bi í ní ohun tó ń dúpẹ́ lé lórí. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò rẹ̀ ti fi ara pa lórí ọlọ, inú ṣì ń bí i sí ọmọ ọlọ́mọ. Kò bi tirẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi tí aṣojú máa wá pé. Òyìnbó obìnrin kan ni, ó fi ìwé orin ń fẹ́ ara rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Ẹ̀rí ni wọ́n kọ́kọ́ máa gbọ́, lẹ́yìn náà ni Christianah máa sọ ohun tó rí, lẹ́yìn náà ìrẹsì. Christianah ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ sínú. Ó fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe ka àwọn tó ní àwọn ṣubú mọ́, kí wọ́n lọ wo àwọn tó ṣì dúró, kí wọ́n sì wá ọmọ rewaya yẹn lọ ní ìdákẹ́jẹ́ láìgbé makirofóònù dání. Bí òun kò bá sọ ọ́ lónìí, ètò náà á tún gba ọdún mìíràn lójú gbogbo wọn, ogójì á sì di ọgọ́rin.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ tí Baba Oyèwọlé kò mọ̀. Àwọn ọmọ ti sọ fún ara wọn pé Àǹtí Báwo-lo-ṣe-débẹ̀ ń bọ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jáde. Jeffrey ń wo bàtà rẹ̀. Baba Oyèwọlé kọ orin kan, ó tún kọ òmíràn, òógùn ti mú un lọ́rùn. "Ṣé kò sí ẹnì kan ni? Ẹ̀mí ń sọ fún mi pé ẹnì kan wà! Má tijú o, ọmọ mi!"

Láti orí bẹ́ǹṣì àwọn agbálẹ̀ ní ẹ̀yìn, Ẹ̀bùn dìde.

Ó rọra ń rìn bọ̀, ó ń di ẹ̀yìn àga mú bí ó ṣe ń kọjá. Ó gba makirofóònù. "Orúkọ mi ni Ẹ̀bùn Àkàngbé. Mo mu ògógóró lánàá. Mo tún mu ún láàárọ̀ yìí, torí mo rò ó pé ti àná lè má tó." Gbọ̀ngàn náà hó yèè. Ẹ̀bùn dúró kí ariwo lọ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo ti fi í sílẹ̀ báyìí."

Halelúyà gba gbogbo ilé. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń sunkún, òyìnbó ń nu ojú. Christianah ti dìde. Irọ́! Ọmọ òun ni ó ń parọ́ yìí, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lójú àlejò! Lójú rẹ̀, bisikíìtì ọjọ́sí ló padà wá. Yóò mú un níwájú gbogbo wọn, yóò ní kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ó dé iwájú, ó di apá ọmọ náà mú, ó fà á súnmọ́ra, òórùn ohun tí bàbá rẹ̀ máa ń fi pa orúnkún sì kọ lù ú nímú.

Ó fa Ẹ̀bùn wọ yàrá kékeré tí àwọn akọrin ń kó aṣọ sí, ó ti ilẹ̀kùn. Ohun tó ti ń béèrè láti ogún ọdún nìkan ló rí sọ.

"Báwo lo ṣe dé bẹ̀?"

Ẹ̀bùn sì fi ọ̀nà tó gbà hàn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. "Baba Oyèwọlé ní ẹni tí kò ṣubú ò lè jẹ́rìí. Ẹ̀yin wá ní ẹni tó bá jẹ́rìí ohun tí kò ṣe, òpùrọ́ ni, pé ẹlẹ́ṣẹ̀ tó ń sòótọ́ sàn jù ú lọ. Mi ò fẹ́ parọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Mọ́mì. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ mu ún."

"Níbo lo ti rí i?"

"Lẹ́yìn ilé-epo. Jeffrey ti sọ ọ́ nínú ẹ̀rí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń débẹ̀. Mo ní mo wá gba omi tútù."

Christianah wá ibi tí yóò ti fi gègé pupa fà á, kò rí i. Gbogbo rẹ̀ ló tẹ̀ lé ara wọn. Òun fúnra rẹ̀ wà láàárín rẹ̀, ó le koko níbẹ̀ bí ojú ẹja. Ó jókòó sórí àpò aṣọ akọrin, ó sunkún, inú sì ń bí i bí ó ti ń sunkún.

Baba Oyèwọlé ṣí ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ ń tàn. "Ẹ̀bùn, o gbàgbé ẹ̀wù ẹ!" Ó wọ̀ ọ́ sí ọmọ náà lọ́rùn. "Ìyá Ẹ̀bùn, ẹ má sunkún mọ́, ayọ̀ ni! Visitor wa ń sunkún lọ́hùn-ún. Ó ti wọ ọkàn ẹ̀. Ó yá, ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè."

Christianah nu ojú rẹ̀. Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n jọ jáde. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò jọ ti fò lọ.

"Ẹ ní kí n wò ó bóyá ètò yìí ń ṣiṣẹ́," ló wí. "Kí ètò yìí tó dé, ọmọ mi ò mọ bí ọtí ṣe rí lẹ́nu. Kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ lọ́nà ibẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, pẹ̀lú makirofóònù. Ẹ fún àwọn tó mu ní ẹ̀wù, ẹ fún àwọn tí kò mu ní ìgbálẹ̀. Ọmọ mi gbálẹ̀ fún yín fún ọdún kan gbáko. Lánàá ó lọ mutí kó lè kúrò nídìí ìgbálẹ̀. Èmi tí mo bí i, èmi ni mo sọ fún un pé irọ́ ló burú jù." Ó tún un sọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹnikẹ́ni má baà túmọ̀ rẹ̀ sí nǹkan mìíràn fún àlejò.

Àlùfáà tẹrí ba. Òyìnbó gbé ìwé orin sílẹ̀. Ẹnu Baba Oyèwọlé là sílẹ̀, àánú rẹ̀ ṣeni gan-an. Ìgbà náà ni ẹnì kan ní ẹ̀yìn, ẹni tó ti mọ́ lẹ́nu, kígbe pé, "Halelúyà!"

Christianah kò dúró jẹ ìrẹsì.

Oòrùn ṣì mú nígbà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Wọ́n kọjá ilé-epo. Ẹ̀bùn ń fi ọwọ́ pa ẹ̀wù náà láyà.

"Mọ́mì, ṣé kí n lọ dá a padà?"

Ìyá rẹ̀ rò ó wò. Ọmọ náà ti mutí lóòótọ́, ó sì sọ ọ́ bí ó ṣe rí. Nínú gbogbo àwọn tó wọ ẹ̀wù náà, kò sí ẹni tó tọ́ sí i tó o. "Fi í sílẹ̀ sọ́rùn," ni Christianah wí, ọ̀rọ̀ náà sì korò lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n tún rìn díẹ̀.

"Ẹ̀bùn, ṣé o máa tún mu ún?"

Bí ó ti béèrè ló kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí ó mọ ẹni tó ń bi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti bí ọmọ yìí, ó ń gbàdúrà nínú pé kó parọ́ fún òun, kó ṣáà ní rárá, kó ní láéláé, kó sọ ọ́ kíá kí àwọn lè délé.

Ẹ̀bùn kò sọ ọ́ kíá. Ó ro ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Mi ò tíì mọ̀, Mọ́mì."